Bí Bàbá Mi Ṣe Rán Àbúrò Rẹ̀ Lọ Ṣàyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀

Okun o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ jókòó. Múníru ọmọ mi, ìwọ náà gbé ikùn rẹ wá síhìn-ín. Wọ́n ní kí o lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nítorí ọkàn rẹ, o ní o kò ráyè. Ó dáa. Bàbá tèmi náà kò ráyè.

Nígbà tí mo wà ní ọmọge ní Kàbà níbí, kí òmìnira tó dé, ta ní í sọ pé òun sanra jù? Ẹni tó sanra layé ń kí! Obì ni bàbá mi ń tà. Ó tóbi, ọrùn rẹ̀ nípọn. Tó bá ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, yóò dúró lọ́nà, yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ. Àwọn ènìyàn á ní, "Ẹ wò ó bí ọlá ṣe ń mú ènìyàn mí." Ọlá o!

Lọ́jọ́ kan, òòyì kọ́ ọ, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Likita òyìnbó kan so rọ́bà mọ́ ọn lápá, ó mi orí. Ó ní kí ó padà wá láìjẹun, kí àwọn fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Kàdúná, kí wọ́n wo bí ọ̀rá inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, kí àrùn ẹ̀gbà má baà kọlù ú.

Ẹ gbọ́. Láyé ìgbà yẹn, tí wọ́n bá ní kí agboolé wá tún ọ̀nà ṣe, ẹ̀gbọ́n kì í lọ. Àbúrò ní í lọ dúró fún un. Wọ́n á pe orúkọ ẹ̀gbọ́n, àbúrò á dáhùn, dògarì ọba tó ń ṣọ́ iṣẹ́ kò ní bínú. Bàbá mi bá pe àbúrò rẹ̀, Jímọ̀, àgbẹ̀ tó gbẹ bíi panla.

"Jímọ̀, wọ́n ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀ mi ní ọsibítù. Lọ bá mi fún wọn."

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ kò mọ̀ wọ́n. Ó pe orúkọ bàbá mi, Jímọ̀ dáhùn, ó na apá.

Èsì dé… ẹ̀jẹ̀ dára! Bàbá mi pa àgbò. Ibi tó lọ́ràá jù ló ń jẹ, ó ní, "Kàdúná ti ní ẹ̀jẹ̀ mi mọ́!" Gbogbo ilé ń kí Jímọ̀ kú iṣẹ́.

Kò pẹ́ púpọ̀, ẹ̀gbà kọlu bàbá mi nídìí obì rẹ̀. Apá ọ̀tún kú, ẹnu wọ́. Likita ní, "Ẹ̀jẹ̀ tó dára báyẹn, báwo ló ṣe jẹ́?" Jímọ̀ gbé àyà sókè: "Ẹ̀jẹ̀ mi ni, likita. Ẹ̀gbọ́n kì í lọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀." Ńṣe ni òyìnbó jókòó sílẹ̀.

Ó ní kí bàbá mi má jẹ iyọ̀ mọ́, kó má jẹ ọ̀rá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin fárígá. "Àgbà bí èyí ni yóò máa jẹ ọbẹ̀ àtẹ́? Kí Jímọ̀ máa jẹ ẹ́ dípò rẹ̀." Jímọ̀ sì ń jẹ ẹ́! Ẹ máa rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín… Ọdún kò yí po tí bàbá mi fi kú. Láti ọjọ́ tí ẹnu rẹ̀ ti wọ́, kò lè pe orúkọ mi mọ́.

Nígbà ìgbéyàwó mi, wọ́n ní kí bàbá ìyàwó ṣàdúrà. Jímọ̀ dìde. Ó ṣe é, ó gún régé, gbogbo ènìyàn ṣe àmín. Inú mi bàjẹ́ lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí a sin bàbá mi lọ. Ènìyàn dáadáa ni Jímọ̀, kì í ṣe òun ni mo fẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ ní ọsibítù nítòsí, ẹ ní ọ̀kadà tó máa gbé yín débẹ̀, ẹ kàn ní ẹ ò ráyè. Múníru, àwọn ọmọbìnrin rẹ ò tíì relé ọkọ. Ta lo fẹ́ kó bá ọ dìde lọ́jọ́ náà?