Àdúrà Tí Kò Rí Àyè Wọlé

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi jókòó díẹ̀. Ìgbéyàwó mi kù sí dẹ̀dẹ̀, ara gbogbo ilé wa ní Rumuolumeni, nílẹ̀ Ikwerre, ti yá gágá, èmi nìkan ni inú mi kò dùn, n kò sì lè sọ ohun tó fà á fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo bá kúnlẹ̀ níwájú àwọn òbí mi lọ́jọ́ náà, wọn yóò tan fóònù kan kí ohùn bàbá mi lè ṣàdúrà fún mi. Bàbá mi wà láàyè o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Iwájú mi gan-an ni wọn yóò jókòó sí. Ṣùgbọ́n wọn kò ní ohùn mọ́, àdúrà tí gbogbo ilé sì ń retí kò sí níbì kankan. Èmi nìkan ni mo mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí mo ń ṣe, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù. Ọ́fíìsì kan ní Rumuola ni mo wà. Àwọn ilé iṣẹ́ máa ń kó fáìlì wọn, àwòrán, fídíò àti ohùn, sí ibi ìkópamọ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí a ń pè ní kíláúdù. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé kíláúdù kò lè kún láé. Irọ́ ni. Bí àgbá omi ló rí: ìwọ̀n tí wọ́n bù fún ọ ni tìrẹ, bó bá sì ti kún, èyí tó bá tún dé kò ní rí àyè wọlé. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣọ́ bí ó ṣe ń kún. Bí àyè bá ku díẹ̀, ìkìlọ̀ á wọ orí fóònù mi, màá sì fi àyè kún un, tàbí kí n ní kí wọ́n kó ohun tí wọn kò lò mọ́ kúrò. Ọ̀gá mi, obìnrin ará Ikwerre kan tí kì í gba gbẹ̀rẹ́, máa ń sọ fún wa pé, "Alert no be chieftaincy title o! No send am give big man. Send am give person wey go look am." A máa ń fi rẹ́rìn-ín ni.

Abọ́ tánganran ni bàbá mi ń tà ní ọjà Oil Mill láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn oníbàárà máa ń gbọ́ ohùn wọn kí wọ́n tó rí ìsọ̀ wọn. Ohùn yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í ha lọ́dún tó kọjá, ni ó bá di pé dókítà ní àfi kí wọ́n yọ àpótí ohùn kúrò lọ́fun wọn bí wọ́n bá fẹ́ pẹ́ láyé. Bàbá mi kò sunkún. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bi wá: "Ta ni yóò wá máa ṣàdúrà fún yín?" Ni mo bá ra àyè kan tí gbogbo wa lè kó nǹkan sí lórí kíláúdù fún ẹbí wa, mo sì tún fóònù wọn ṣe: bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ sí i tán, ohùn náà á fúnra rẹ̀ gba kíláúdù lọ, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan fóònù á pa tirẹ̀ rẹ́, nítorí àyè inú fóònù náà kéré.

Nígbà tí mo fẹ́ kọ orúkọ ẹni tí ìkìlọ̀ yóò máa lọ bá, màmá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n ní, "Orúkọ bọ̀ọ̀dá ẹ ni kó o fi síbẹ̀ o. Àbí na you be first born for this house?" Mo fi orúkọ Bọ̀ọ̀dá sí i. Mo lè fi tèmi kún un, ṣùgbọ́n ṣé kì í ṣe pé mo ń sọ pé àkọ́bí kò lè ṣọ́ ilé nìyẹn? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí mo ṣe fi ọkàn balẹ̀ nìyẹn.

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ àdúrà wọn sínú fóònù, wọ́n sì tò ó bí a ṣe bí wa. Bọ̀ọ̀dá ló kọ́kọ́ gba tiwọn, àti tàwọn ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kan Àǹtí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àti àwọn ọmọ tiwọn náà. Èmi àbígbẹ̀yìn ni mo gbẹ̀yìn. Lọ́jọ́ tó kàn mí, mo jókòó ti bàbá mi, wọ́n sì lé mi jáde. Ohùn wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. "Bọ́ síta jàre! Ọjọ́ tó o bá kúnlẹ̀ lo máa gbọ́ ọ. Tó o bá gbọ́ ọ nísinsìnyí, kí ni mo máa fi dá ẹ lọ́lá lọ́jọ́ yẹn?" Mo jáde. Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, orúkọ mi nìkan ni mo gbọ́. Ẹ ò rí i pé ó yẹ kí n ti dúró!

Ó pẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà kí n tó wọ kíláúdù láti wá àdúrà mi. Ti Bọ̀ọ̀dá wà níbẹ̀, ó pé. Ti Àǹtí wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, fídíò ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí Bọ̀ọ̀dá jẹ́ alága rẹ̀ ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́, ọ̀kan ń gun orí èkejì. Àyè ti tán kí ó tó kàn mí. Fóònù bàbá mi sì ti pa tirẹ̀ rẹ́, bí mo ṣe ní kó ṣe. Mo rọra bi Bọ̀ọ̀dá bóyá wọ́n ń rí ìkìlọ̀ kankan gbà. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Àwọn olè yẹn? Mo ti block wọn tipẹ́. Every day, 'your space don nearly full, come add.' Na so Yahoo boys dey take start. Ìwọ náà ṣọ́ra o!"

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n kìlọ̀ fún mi. Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu, ṣùgbọ́n Bọ̀ọ̀dá kò mọ̀ pé ata ni. Wọ́n rò pé ilé ni àwọn ń ṣọ́. Bí mo bá sì là á mọ́lẹ̀, màmá mi á gbọ́, gbogbo ilé á sì mọ̀ pé fídíò alága ló gba àyè àdúrà mi. Ó bí mi nínú, n kò ní purọ́ fún yín. Mo ń ṣọ́ àgbá gbogbo ayé, tiwa ló kún lẹ́yìn mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ohun iyebíye níbi ìkópamọ́, ẹ má fi ìkìlọ̀ dá ẹnikẹ́ni lọ́lá. Ẹni tí yóò wò ó ni kí ẹ fún, ì báà ṣe ọmọ tó kéré jù nílé. Èyí tí mo mọ̀ nìyẹn. Èyí tí n kò mọ̀ ni mo fẹ́ bi yín. Lánàá, bàbá mi rí aṣọ ìgbéyàwó mi. Wọ́n fọwọ́ kan ọ̀fun wọn, wọ́n tọ́ka sí fóònù, wọ́n wá rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, bí ẹni tó fi ẹ̀bùn pamọ́ síbì kan. Ṣé kí n sọ fún wọn ṣáájú ọjọ́ náà, kí n ba ẹ̀rín yẹn jẹ́? Àbí kí n kúnlẹ̀, kí wọ́n tan fóònù, kí gbogbo ilé dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ bàbá mi, kí fóònù náà sì dákẹ́ bẹ́ẹ̀?