Obìnrin Tó Ń Juwọ́ sí Gbogbo Ọkọ̀

Irọ́ kan wà tí mo ti ń gbé kiri láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Mo gbé e gba orí òkun kọjá, mo gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé e sùn, kò fúyẹ́ lọ́jọ́ kan. Bí mo bá dákẹ́ báyìí tí ikú mú mi, ẹnì kan ni yóò kú pẹ̀lú èrò òdì nípa ìyá tó bí i, èmi ni mo sì fi èrò náà sí i lọ́kàn. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n wí i. Tebano lorúkọ mi, ọmọ erékùṣù Tarawa. Ní Brisbane ní Ọsirélíà ni mo ti ń kọ èyí, níbi tí òkun ti jìnnà sí ilé débi pé n kì í gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ bí mo bá jí.

Ọmọ-ọmọ mi, Tiroi, ló fa ọ̀rọ̀ náà yọ láìmọ̀. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń gbé e lọ sí Port Moresby, òun àti ìyàwó àti àwọn ọmọ wọn kéékèèké, ó wá sọ fún wa. Teretia ìyàwó mi gbọ́, ó gbé abẹ̀bẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Tiroi, ṣé gbogbo ọmọ ni wọ́n ní kí o kó lọ? Lọ bi wọ́n dáadáa o. Àwọn tiwa ò gbà. Ọmọ méjì péré ni wọ́n fún wa láyè, bí mo ṣe fi Meere ọmọ mi sílẹ̀ nìyẹn." Tiroi bú sẹ́rìn-ín. "Màmá àgbà, ilé-iṣẹ́ wo ló ń ka ọmọ olọ́mọ bí ẹni ń ka ẹja? N ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Bàbá àgbà, ṣé lóòótọ́ ni?" Ìyàwó mi kọjú sí mi kí n gbè é lẹ́sẹ̀. Kò sí ilé-iṣẹ́ kankan tó sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́.

Bó ṣe rí nìyí. Rakera ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló tọ́ mi nígbà tí ìyá wa kú. Òun fúnra rẹ̀ kò bímọ. Nígbà yẹn, èmi ni mo ń tu ọkọ̀ fún ilé-iṣẹ́ kan ní èbúté Betio ní Tarawa. Ìròyìn dé pé wọ́n ń gbé mi lọ sí erékùṣù Nauru, kí n máa tu ọkọ̀ kékeré tó ń kó èrò àti ẹrù láti inú ọkọ̀ ńlá wá sí èbúté, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta ajílẹ̀. Inú Teretia dùn. Ó ra aṣọ pupa, ó rán tuntun fún Kaiea àkọ́bí wa àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ó rán ti Meere, àbíkẹ́yìn wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Teretia kò sí nílé, Rakera wọlé, ó jókòó sórí ẹní, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé itan. Mo gbé ẹmu àgbọn fún un, kò fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Tebano, àbúrò mi, mo wá bubuti." Ẹni tó bá mọ̀ wá mọ ọ̀rọ̀ yẹn: bí ìbátan rẹ bá ti fi í ṣíwájú, ohunkóhun tó bá tọrọ, o ti fún un nìyẹn. Ẹni tó bá kọ̀, ìtìjú rẹ̀ á bá a dé ibojì, wọ́n á sì máa fi kọrin. Mo rò pé kẹ̀kẹ́ mi ni yóò tọrọ. Ó ní, "Meere ni mo fẹ́. Ẹ̀yin á bí òmíràn níbẹ̀. Èmi ńkọ́, ta ló máa pa ojú mi dé?" Mo ní, "Mo ti gbọ́."

N kò ní purọ́ mọ́, ẹ̀ṣẹ̀ mi kọ́ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń dàgbà lórí itan ẹ̀gbọ́n bàbá wọn nílẹ̀ wa, tí ẹnikẹ́ni kò sunkún. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni pé mo bẹ̀rù ojú ìyàwó mi. N kò lè wí fún un pé mo ti fi ọmọ rẹ̀ fúnni láìbi í. Mo wá wá ẹni tí kò sí níjòókòó tí mo lè di ẹrù náà lé lórí. Ilé-iṣẹ́ kò ní ẹnu tí yóò fi jiyàn. Teretia ní, "Ọmọ méjì péré? Ta ló wí bẹ́ẹ̀?" Mo ní wọ́n ní ilé náà kéré. Ó ní, "Ọmọ tí kò ga ju ìkòkò lọ! Àyè kí ló máa gbà?" Mo ní, "Ìyá Kaiea, fara balẹ̀, Rakera á bá wa tọ́jú rẹ̀. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, a óò mú un wá."

Ẹ̀yin tí ẹ kò gbé Nauru rí, erékùṣù náà yípo bí àwo. Bí o bá jáde láàárọ̀ pé o fẹ́ rìn jìnnà sí ilé rẹ, bí o bá ṣe ń rìn náà lo ó máa padà bọ̀, ẹnu ọ̀nà rẹ náà ni wàá tún bá ara rẹ. Kò sí omi tó pa rọ́rọ́ bíi ti àárín erékùṣù Tarawa, eruku òkúta ló bà lé ìrẹsì, ló bà lé ìrọ̀rí. Irọ́ mi náà bà lé ohun gbogbo bẹ́ẹ̀. Aládùúgbò wa, ìyàwó Botika, kó ọmọ rẹpẹtẹ wá láti ilé, ó sì ní ẹnu. Ó ní, "Ìyá Kaiea, ṣé ọkọ tìẹ kò ní ahọ́n ni? Tèmi kó gbogbo wọn wá, díẹ̀ ló kù kó kó ẹlẹ́dẹ̀ wa mọ́ wọn!" Teretia gbé ọ̀rọ̀ náà wálé. Mo tún fi irọ́ míì lé e: mo ní Ọ̀gbẹ́ni Holloway, òyìnbó Ọsirélíà tó jẹ́ ọ̀gá wa, kò fẹ́ràn mi. Láti ọjọ́ náà ni Teretia kò kí ọkùnrin náà mọ́. Nígbà Kérésìmesì, ọ̀gá náà gbé ẹran inú agolo wá fún wa. Teretia ṣí i lójú rẹ̀, ó dà á fún ajá. Ọ̀gá bi mí nínú ọkọ̀ mi, "Tebano, kí ni mo ṣe fún ìyàwó rẹ?" Mo ní ojú ló ń tì í. Ó ní, "Mo gbọ́ pé ẹ ní ọmọbìnrin kan nílé. Kí ló dé tí ẹ kò mú un wá? Àyè mà wà." Mo ní, "Ẹ ṣé, sà," mo sì yí ìdarí ọkọ̀ sójú òkun kí ó má baà rí ojú mi.

Nígbà tí ìsinmi tó láti lọ sílé, mo sọ fún ọ̀gá pé n kò fẹ́ ẹ. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ọ̀gá kọ̀. Ìgbà náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í juwọ́. Ó mú èyí tó ṣẹ́ kù lára aṣọ tó fi rán ti Meere, gbogbo ọkọ̀ tó bá ti ń lọ sí Tarawa, Teretia á dúró létí òkun, á máa fi aṣọ pupa náà juwọ́ sí i títí yóò fi wọ ojú ọ̀run. Ó ní bóyá ẹnì kan á dé ilé, á sọ fún Meere. Àwọn ọmọ adúgbò á pariwo pé, "Màmá ọlọ́kọ̀ ti jáde o!" Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín.

Mo ti ń yí ọ̀rọ̀ ká. Ẹ jẹ́ kí n dé ibẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde kan, lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ọkọ̀ kan dé láti Tarawa. Òkun Nauru jìn, ọkọ̀ ńlá kì í sún mọ́ èbúté, bí ọkọ̀ wa kò bá gbé ọ, o kò lè dé ilẹ̀. Mo tu ọkọ̀ mi lọ bá a, mo gun inú rẹ̀. Alásè ọkọ̀ náà, Ioram, ìbátan mi, dúró níbẹ̀, ó di ọmọbìnrin kan lọ́wọ́ mú, tí ó ká ẹní sábẹ́ apá. Iwájú orí ìyá mi ni mo rí lójú ọmọ náà. Ioram ní, "Gba ẹrù rẹ o, ọ̀gá atukọ̀! Láti Tarawa ló ti ń bì sí mi lára." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Rakera ní àyà ń dun òun, òun kò ní pẹ́ mọ́. Ohun tí òun bubuti, òun ti dá a padà. Kí o mú ọmọ fún ìyá rẹ̀."

Ẹ gbọ́ mi o. Ilẹ̀kùn ṣí. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ ara rẹ̀ tú okùn tó fi dè mí. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ọmọ yìí á dé ilé, á la ẹnu, á ní, "Rakera tọrọ mi lọ́wọ́ Bàbá, Bàbá sì fún un." Teretia á wá wò mí. Èmi tí mo ń tu ọkọ̀ nínú ìgbì tó ga bí ilé, ojú obìnrin kan ni mo sá fún. Mo fa Ioram sẹ́yìn. Mo ní, "Mú un padà." Ó ní, "O ń ṣeré. Ṣé o rí èéfín yẹn? Ìyá rẹ̀ ló ń dáná níbẹ̀ yẹn." Mo ní, "Ioram, mo bubuti rẹ." Ó ní, "Tebano, ẹ̀rù Ọlọ́run kò bà ọ́? Ṣé nǹkan tí a ń fi ọ̀rọ̀ yẹn tọrọ nìyí?" Mo ní, "Mo ti wí i." Ó tutọ́ sínú òkun, ó sì gbà, nítorí kò lè kọ̀. Àwọn ọmọkùnrin inú ọkọ̀ mi ń kó àpò ìrẹsì, wọ́n rò pé ọmọ Ioram ni.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ náà. Ó bi mí pé, "Ṣé ẹ̀yin ni Bàbá? Èwo ni ilé Màmá níbẹ̀?" Mi ò lè dá ilé-iṣẹ́ lẹ́bi lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ náà ti mọ̀ pé èmi ni mo fi í fún Rakera. Mo ní, "Ìyá rẹ ní kò tíì tó àkókò. Ó ní kí o padà." Kò sunkún. Ó tún okùn ẹní rẹ̀ so, bí àgbàlagbà. Nígbà tí wọ́n já ẹrù tán tí ọkọ̀ fẹ́ ṣí, ó na ọwọ́ sí etí òkun. "Bàbá, ta ni obìnrin yẹn?" Mo wò ó. Aṣọ pupa. Mo ní, "Obìnrin kan ni, gbogbo ọkọ̀ ló máa ń juwọ́ sí." Ó ní, "Ṣé kò ní bínú tí mo bá juwọ́ sí i padà?" Mo ní kò ní bínú. Ọwọ́ méjèèjì ló fi ń juwọ́ nígbà tí mo ń sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ mi. Mo délé, mo bá Teretia tó ń kọrin nídìí ààrò. Ó ní, "Bàbá Kaiea! Ọmọ kan juwọ́ sí mi lónìí látorí ọkọ̀! Kò sẹ́ni tó juwọ́ sí mi rí. Ọmọ ta ni?" Mo ní, "Ọmọ alásè ni." Mo sì jẹun.

Rakera kú kí ọdún náà tó parí, mo tún ní ọ̀gá kọ̀ kí a lọ mú Meere, àwọn ẹbí ló tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tí a padà délé lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, ó ti di wúńdíá. Ó kí ìyá rẹ̀ láìgbé ojú sókè. Kí Teretia tó tú ẹrù tó dì fún un, ó ti bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Abaiang. Teretia ní, "Ilé-iṣẹ́ yẹn ti gba ọkàn ọmọ mi." Títí di òní, bí Teretia bá pè é lórí tẹlifóònù, Meere kì í bá a sọ̀rọ̀.

Gbogbo èyí ni mo sọ lọ́jọ́ náà níwájú Tiroi. Teretia kò pariwo. Ó bi mí pé, "Ọmọ ọ̀sẹ̀ Àjíǹde yẹn?" Mo ní òun ni. Ó ní, "Ọwọ́ méjèèjì ló fi juwọ́." Lẹ́yìn náà ó ní, "Mo mà da ẹran agolo ọ̀gá rẹ yẹn fún ajá." Ó dìde, ó wọlé. Láti ìgbà náà kò pè mí ní Bàbá Kaiea mọ́, ó ń gbé oúnjẹ síwájú mi bí ẹni ń gbé e fún àlejò tó ń kọjá lọ. N kò tíì bẹ̀ ẹ́, ẹnu tí mo fi ń purọ́ ni mo máa fi bẹ̀bẹ̀, mo mọ bí yóò ṣe dùn létí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ ń gbé yín lọ sí òkè òkun pẹ̀lú ọmọ wẹ́wẹ́, bí ojú bá máa tì yín, ẹ jẹ́ kó tì yín nílé kí ẹ tó wọkọ̀. Èyí tí ẹ bá gbé kọjá òkun, kò sí ibi tí ẹ lè gbé e sọ̀ mọ́.

Meere, ọmọ mi, Tiroi ló máa ka èyí sí ọ létí lórí tẹlifóònù. Ìyá rẹ kò lé ọ rí. Ọ̀la ni ọkọ̀ òfurufú ń gbé e bọ̀ ní Tarawa, láti ibẹ̀ ni yóò ti bá ọkọ̀ ojú omi wá sọ́dọ̀ rẹ ní Abaiang, òun nìkan, kò gbà kí n tẹ̀ lé òun. Mo rí i lánàá tó ń ká aṣọ kan sínú báàgì rẹ̀, ó ti ṣá, ṣùgbọ́n pupa rẹ̀ ṣì hàn. Bí o bá rí arúgbó kan tó ń fi í juwọ́, ìyá rẹ ni, ìwọ nìkan ló sì ń juwọ́ sí. Jọ̀ọ́, juwọ́ sí i padà.