Ọ̀nà Omi Àwọn Ìmàdò

Ẹ jókòó ná, kí ẹ tó so àgọ́ yín mọ́ alùpùpù. Nígbà tí orúnkún mi ṣì gbọ́ tèmi, tí mo ń fẹsẹ̀ rìn láti Akpassi dé Savalou, ta ló mọ àgọ́ tí wọ́n ń ká bí agboòrùn? Ẹní la máa ń rù. Ẹní àti iṣu sísun, à ń lọ síbi àdúrà lórí òkè.

Ẹ gbọ́… lọ́dún kan, ọ̀gbẹlẹ̀ mú. Adágún omi kan ṣoṣo ló kù nínú igbó tó wà lójú ọ̀nà wa. Ìrọ̀lẹ́ la débẹ̀, ẹsẹ̀ mi ti wú bí iṣu ńlá ìlú Koko. Ibì kan wà létí omi, ó mọ́, ó tẹ́jú, kò ní koríko rárá. Katikísì wa, ọkùnrin gíga tó ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, gbọ́wọ́ sókè: "Ẹ wò ó, Olúwa ti gbálẹ̀ dè wá! Ẹ tẹ́ ẹní!"

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Ìyá Felisí, ọmọ ọdẹ ni. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wolẹ̀. "Bàbá Katikísì, pátákò ló gbálẹ̀ yìí o. Ọ̀nà omi àwọn ìmàdò nìyí, wọ́n sì ń tọ́mọ lọ́wọ́. Tá a bá sùn síbí, níbo ni wọ́n ó ti mumi?"

"Ìyá Felisí, ṣebí Ọlọ́run fi Ádámù jọba lórí ẹranko?"

"Ó fi í jọba. Ṣé ó ní kó dí ọ̀nà omi ni?"

A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ṣé Katikísì dìde lórí ẹní? Ó nasẹ̀, ó dá orin ìyìn. Èmi náà jókòó tì í… ẹsẹ̀ ń dùn mí, mi ò ní purọ́.

A ò tíì dé ẹsẹ kejì orin náà tí igbó fi mì. Ìyá ìmàdò yọ, ìrù rẹ̀ nà ró sókè, ọmọ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo omi, ó wò wá. Àwọn ọmọ ń ké. Ha! Katikísì ti wà lórí igi! Ìyá Felisí ní, "Ẹ má sọ òkò. Ẹ rọra fà sẹ́yìn, ẹ fún un lọ́nà."

A fún un lọ́nà. Wọ́n tẹ ẹní wa mọ́lẹ̀ kọjá, wọ́n mumi… ẹ̀yin ọmọ, wọ́n mumi!

Láti orí igi: "Ìyá Felisí, ṣé wọ́n ti yó?"

"Wọn ò tíì ṣe Àmín. Ẹ dúró síbẹ̀."

Òkèèrè réré, láàárín òkúta, la sùn sí. Òkúta ń gún wa, ẹ̀rín ò jẹ́ ká mọ̀.

Lónìí ńkọ́? Ẹ̀ ń gbé àpótí orin lọ sórí òkè, ẹ̀ ń ju búrẹ́dì sí ọ̀bọ nítorí fọ́tò. Ọ̀bọ tó bá mọ adùn búrẹ́dì, ṣé oko olóko kọ́ ni yóò wọ̀ lọ́la? Ẹ bomi, kí ẹ kúrò létí omi. Ẹ pàgọ́ jìnnà. Ọlọ́run tó ń fún yín lómi ló ń fún àwọn ẹranko náà. Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi… òùngbẹ ni kò yí padà.