Lábẹ́ Tábìlì Màmá Wa

Mi ò jáde! Sọ fún wọn pé mi ò jáde, ìwọ ni wọ́n pè, ìwọ lo sì wá, ìwọ ni kó o sọ fún wọn. Àbí o rò pé inú mi dùn ni, àgbàlagbà bíi tèmi, kí n ká ara mi jọ sábẹ́ tábìlì láàárín ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kí àwọn ọmọ iléèwé máa na ọrùn wò mí? Orúnkún mi ń ro mí. Ẹ̀yìn mi ń ro mí. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀ṣọ́ yẹn bá tún fọwọ́ kàn mí, màá lọgun débi pé gbogbo ilé yìí á mì, mo fi ẹ̀mí mi búra!

Má sọ fún mi pé kí n rọra sọ̀rọ̀. Ṣé ìwọ rọra sọ̀rọ̀ ni? Ohùn rẹ ni wọ́n fi sínú ẹ̀rọ ara ògiri yìí, bí èèyàn bá ṣe ń kọjá ló ń dá sọ̀rọ̀. Dákẹ́, gbọ́, ó tún ti bẹ̀rẹ̀! "Inú yàrá yìí ni màmá mi ti tọ́ mi dàgbà. Èmi nìkan ni ọmọ tí wọ́n bí." O gbọ́? Ṣé ohùn rẹ kọ́ ni? Ṣé ìwọ kọ́ lo ń fi èdè àwọn onílẹ̀ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, tó ń dún ketekete bíi ti ẹni tó ń ka ìròyìn? Ẹyin lohùn, àbúrò mi. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ìwọ nìkan! Èmi wá ńkọ́? Ṣé orí igi ni wọ́n ti ká mi?

Jẹ́jẹ́ mi ni mo wá síbí o. Ọmọ ọmọ mi ló ní iléèwé àwọn ń lọ wo ilé tuntun tí wọ́n kó ìtàn àwọn tó ṣí wá sílùú yìí sí, olùkọ́ wọn ní ẹni tó bá ní ìyá àgbà tó ṣí wá, kó mú un dání. Mo wọ bàtà mi tó dáa jù. Mo wo àpótí àwọn èèyàn, èyí tó jẹ́ onígi, èyí tí wọ́n fi okùn so yí ká kó má baà tú. Mo wo àwòrán ọkọ̀ ojú omi tí orí èèyàn kún un dẹ́nu, ojú mi ṣomi díẹ̀, mo nù ún. Ìgbà tí a yà sí kọ̀rọ̀ yìí, kí ni mo rí? Bẹ́ẹ̀dì màmá! Ẹ̀rọ ìránṣọ màmá, tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí níbi tí wọ́n máa ń gbé ọwọ́ òsì lé! Agolo bọ́tìnnì! Tábìlì yìí! Àwọn ẹrù tó o sọ fún mi pé òjò ti bà jẹ́ níbi tó o kó wọn pa mọ́ sí, tí mo tún ń bá ọ kẹ́dùn, tí mo ní kó o má da ara rẹ lẹ́bi. Òjò wo? Òjò wo ló rọ̀? Ojú ò tiẹ̀ tì ọ́!

Ọmọ náà ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri sí mi létí. Ó ní ìyá kan àti ọmọkùnrin rẹ̀ ló gbé inú yàrá yìí. Ó wo bẹ́ẹ̀dì màmá, ó wo ẹní kékeré tí wọ́n tẹ́ fún ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wá gbójú sókè, ó ní, "Màmá àgbà, ibo lẹ̀yin máa ń sùn sí?" Níwájú olùkọ́ rẹ̀! Níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀! Olùkọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní bóyá màmá àgbà ti gbàgbé ni, bóyá yàrá míì ni. Mo gbàgbé? Èmi? Mo gbé ẹsẹ̀ kọjá okùn tí wọ́n fà síwájú, mo ti apẹ̀rẹ̀ òwú tí wọ́n gbé síbi orí mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ tábìlì yìí, mo ní, "Ibí ni."

Ìgbà yẹn ni ẹ̀ṣọ́ fi fèrè sẹ́nu.

O mọ ìtàn náà, ṣùgbọ́n màá tún un sọ sí ọ létí, nítorí ó dà bíi pé wọ́n ti ra etí rẹ lọ. Ìwé tí wọ́n fún màmá láti wọ ìlú yìí, ọmọ kan ló gbà láyè. Ọmọ ọwọ́ ni ọ́ nígbà náà, ta ló máa fi ọmọ ọwọ́ sílẹ̀? Gbogbo ẹbí ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Màmá ní láéláé. Wọ́n gbé ọ lọ́wọ́ lójú gbogbo ayé, wọ́n fi èmi pa mọ́ sáàárín ẹrù. Bá a ṣe dénú yàrá yìí nìyẹn, àwa mẹ́ta, tí gbogbo àdúgbò sì mọ̀ pé ẹni méjì ló ń gbébẹ̀. Ẹni yòówù kó kan ilẹ̀kùn, ì báà ṣe onílé, ì báà ṣe àwọn tó ń yẹ ìwé wò, abẹ́ tábìlì ni mò ń kó sí, màmá á sì fa aṣọ tí wọ́n ń rán wálẹ̀ kó bò mí. Ọkùnrin tó máa ń wá kó ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì tí màmá ń rán, bí mo bá pàdé rẹ̀ lójú títì lónìí, mi ò lè dá a mọ̀. Bàtà rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Gìgísẹ̀ ti ọ̀tún ti jẹ lápá kan. Ọkùnrin náà lè jókòó pẹ́! Ikọ́ á máa gbé mi, màá ki aṣọ bọ ẹnu, omi á máa dà lójú mi, màmá á wá máa fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ yìí kíkankíkan, kí ariwo rẹ̀ lè bo tèmi mọ́lẹ̀.

Ìwọ ńkọ́? Ìwọ á wà láàárín ilé, wàá máa lá súìtì tó fún ọ. Á bi ọ́ pé ṣé o ní ẹ̀gbọ́n. Wàá mi orí, wàá ní, "Èmi nìkan ni ọmọ màmá mi." Ta ló kọ́ ọ? Èmi ni! Èmi tí mò ń pọ̀n ọ́, tí mò ń bu oúnjẹ tèmi mọ́ tìẹ, èmi ni mo jókòó tì ọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn tí mò ń kọ́ ọ ní gbólóhùn náà bí ẹní ń kọ́ ọmọ ní ábídí. Bó o bá ṣì í, màá fà ọ́ létí. Bó o bá gbà á, màá pàtẹ́wọ́ fún ọ. Mo kọ́ ọ pé mi ò sí, kí n lè wà! Ó yé ọ nígbà yẹn, ọmọdé ni ọ́, ó yé ọ. Ó ṣe wá jẹ́ pé ìgbà tí irun rẹ funfun tán ni kò yé ọ mọ́?

Kí lo sọ? Gbé ohùn sókè. Pé o ń dáàbò bò mí?

Ó dáa. Mo mọ̀ pé ìwé mi kò mọ́. Nígbà tí wọ́n dẹ òfin náà díẹ̀, ọmọ àbúrò màmá ni wọ́n pè mí kí n tó rí ìwé gbà, nítorí obìnrin tó ti sọ pé ọmọ kan lòun ní kò lè ṣàdédé bí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà lẹ́yìn náà. A gbà bẹ́ẹ̀. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n lójú ìjọba nìyẹn! Ta ló ní kó o gbé e wọlé? Ọjọ́ tí màmá kú, táwọn èèyàn ń wá kí ọ, o nawọ́ sí mi, o ní, "Ìbátan wa nìyí." Ìbátan! Èmi tí mo pa wọ́n lójú dé! Èmi tí mò ń yí wọn lápá yí wọn lẹ́sẹ̀ títí ẹ̀mí fi bọ́! Mo gbé e mì. Mo ní ẹ̀rù ló ń bà ọ́. Ọjọ́ tí ọmọ rẹ ṣègbéyàwó, àga ẹ̀yìn ni wọ́n fún mi, láàárín àwọn tí mi ò mọ̀ rí. Mo tún gbé e mì. Ọ̀fun mi ti kún, àbúrò mi, kò gba nǹkan kan mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n lè torí ìwé yẹn lé mi kúrò nílùú. Kí wọ́n lé mi! Ibo ni wọ́n fẹ́ lé mi lọ, ta ló ṣẹ́ kù tó mọ̀ mí níbẹ̀? Ìlú yìí ni mo rán aṣọ fún títí ojú mi fi di bàìbàì. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní parọ́ fún ọ. Obìnrin tó dúró tì ọ́ yẹn, ọ̀gá ibí, mi ò mọ ẹni tó máa pè bó bá gbọ́. Ó lè jẹ́ àwọn tó ń yẹ ìwé wò náà ni. Ṣùgbọ́n kí n wá kú tán, kí ọmọ ọmọ mi mú ọmọ tirẹ̀ wá síbí, kó máa wá mi kiri nínú yàrá tí mo ti dàgbà, kó má rí mi? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o! Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju ọlọ́pàá lọ.

Kí lo sì sọ fún un lẹ́ẹ̀kan nígbà tó o dé? Mo gbọ́ ọ! Àbí o rò pé mo ti di adití ni? O ní, "Ẹ má bínú, ìbátan wa ni, arúgbó ló ń ṣe é." Háà! Ìwọ ọmọ yìí! Bí kì í bá ṣe pé ọmú kan náà la jọ mu, kò sí ohun tí mi ò bá fi ṣẹ́ ọ lépè níbí lónìí!

Má fà mí. Yé fà mí, mo ní! Mo lè sọ ọ́ fún un fúnra mi, mo gbọ́ èdè wọn, wọ́n sì ń gbọ́ tèmi. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní arúgbó kan ń sọ ìsọkúsọ lábẹ́ tábìlì. Ẹnu tó ní mi ò sí, òun náà ni kó sọ pé mo wà. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n kó ẹrù kankan fún mi. Mi ò ní kó o dọ̀bálẹ̀. Yíjú sí i. Má wolẹ̀, wo ojú rẹ̀, kó o sì sọ ọ́ ní èdè tó gbọ́.

Mò ń dúró.

Sọ ọ́ jáde. Ẹ̀n-ẹ́n. Tún un sọ. "Ọmọ méjì ni màmá mi bí." Mo gbọ́ o. Jẹ́ kí omi ojú yẹn máa dà, kò pa ẹnikẹ́ni rí, máa bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ. Sọ fún un pé ibí ni mò ń sùn. Sọ ìdí tó fi jẹ́ ibí. Sọ ọ́ tán pátápátá.

Kí ni obìnrin yẹn ń kọ sílẹ̀? Kí ló bi ọ́? Má fi pa mọ́ fún mi, kí ló bi ọ́?

Ó ní kí ni? Ó ní èwo nínú wa ni àgbà?

Hà! Hàhàhà! Ẹ gbà mí, ẹ̀rín fẹ́ pa mí o! Mo rò pé ìwé ló máa bèèrè! Dá a lóhùn, kí lò ń wò mí sí? Sọ fún un pé èmi ni. Ìwọ ló bá mi láyé, èmi ni àkọ́bí màmá mi!