Ẹ Mu Hàntú Yìí Lójú Mi

Rárá o, Alfa Múdàṣírù, mi ò jókòó! Ẹ má gbé àga fún mi! Ìdúró ni màá fi sọ ọ́, kí gbogbo Olówógbowó gbọ́. Ọmọ mi dà? Zayd mi dà, ládàánì tó jẹ́ pé tó bá pe ìrun àsùbáà, ẹni tí oorun ń kùn gan-an á dìde láìbínú?

Ẹ ní kó wọ kàlúwà ọjọ́ méje, kó dá wà nínú yàrá, kó máa gbàdúrà, pé Ọlọ́run á ṣí i lójú. Mo ní ó dáa. Ẹ fọ wàláà tẹ́ ẹ kọ Yásíìn sí, ẹ rọ omi rẹ̀ sínú ìgò, ẹ ní hàntú ni, kó máa mu ún láràárọ̀. Ta ló sì ń bù ú fún un? Èmi Hàwáwù ni! Ọwọ́ mi yìí! Ó ní, "Mọ́mì, ó korò." Mo ní, "Ṣe Bìsìmílà, jàre, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kì í pa èèyàn." Yéè, mo gbé!

Ọjọ́ kẹta ló ní òun ń rí màlékà lórí páànù. Èmi òpè, mo forí kanlẹ̀, mo ń dúpẹ́ pé mo bí wàlíyù, àyànfẹ́ Ọlọ́run! Àwọn ará ilé ń gbé piọ wọ́tà wá kó tu àdúrà sí i, ó ń tu ú, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹnu ẹ̀ gbẹ, ojú ẹ̀ là kalẹ̀, kò sì dá èmi ìyá ẹ̀ mọ̀.

Oṣù kejì rèé, Alfa. Lánàá, agogo mẹ́wàá àárọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun láàárín ọjà. Ó pè é dé ìdajì, ó gbàgbé èyí tó kù. Ló bá bú sẹ́kún.

Kí lẹ wí? Kádàrá? Ẹ má purọ́ mọ́ Ọlọ́run níwájú mi o! Mo gbé ìyókù inú ìgò lọ bá ìyá ẹlẹ́wé ní Jankara. Ó fi imú kàn án, ó yára gbé e sílẹ̀, ó ní, "Gegemu nìyí. Ta lẹ fẹ́ sọ di wèrè?" Gegemu, nínú omi tẹ́ ẹ fi fọ Yásíìn! Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu!

Ẹ ní mi ò mọ nǹkan ìjìnlẹ̀? Kò burú. Ìgò náà rèé. Ẹ mu ún. Ẹnu kan péré. Èmi náà ni màá bù ú fún yín, bí mo ṣe bù ú fún ọmọ mi. Ẹ ṣe Bìsìmílà.

Ẹ gbà á, ẹ jọ̀ọ́. Kí lẹ ń fà sẹ́yìn sí?

Háà. Ẹ mọ̀. Alfa, ẹ mọ̀ ọ́n kẹ́ ẹ tó gbé e lé mi lọ́wọ́.