Tìróò Tí Mo Fi Kun Orí Ọta

Ìwọ tó mú ìwé yìí dání, gbọ́ mi dáadáa. Má kà á sókè nínú bọ́ọ̀sì. Má ya fọ́tò rẹ̀ sí orí WhatsApp mọ́sáláásí. Bí o bá sì mọ ibi tí mò ń gbé ní Peckham, má wá kan ilẹ̀kùn mi láti wá bú mi, nítorí èébú tó wà lẹ́nu rẹ, mo ti fi bú ara mi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kà á tán ná. Lẹ́yìn náà kórìíra mi bó o bá fẹ́. Ohun tí mo fi pamọ́ láti oṣù mẹ́rìnlá gbọ́dọ̀ jáde báyìí, nítorí ọjọ́ Ajé ni kóòtù, ọkùnrin tí wọ́n fẹ́ dá lẹ́jọ́ kò sì mọwọ́ mẹsẹ̀.

Làtíìfù lorúkọ mi. Ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni mí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ìyẹn náà kò dán mọ́rán. Ìyàwó mi Àsúmáù ti lọ síbi iṣẹ́. Mo ti ti ilẹ̀kùn. Mo tún dìde lọ wò ó bóyá mo tì í lóòótọ́. Mo tì í.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nígbà náà, kì í ṣe iṣẹ́ tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn èèyàn wa níbí. Malachi ló ni ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣe é, lábẹ́ afárá ojú irin. Ọmọ Èkìtì ni, Lewisham ni wọ́n bí i sí. Ó gba láísẹ́ǹsì láti máa to ọta ìbọn fún àwọn tó ń yin ìbọn sí bébà, àwọn tó fi í ṣe eré ìdárayá. Má rò pé ti jàǹdùkú ni o. Ìwé wà, kámẹ́rà wà, àwọn ọlọ́pàá sì máa ń wá yẹ ibẹ̀ wò. Àwa méjì là ń bá a ṣiṣẹ́. Èmi ló ń fọ orí ọta tó sì ń kùn ún. Sherifdeen ló ń wọn ẹ̀tù sínú ife idẹ kéékèèké, tó sì ń fi orí ọta dé e.

Kíkùn tí mò ń wí yìí, ìyẹ̀fun kan ni wọ́n fi ń ṣe é, dúdú, tó ń dán. Mọ́lì là ń pè é. Gbígbẹ ni, kò ní òróró nínú. A ó kó orí ọta sínú ike pẹ̀lú rẹ̀, ẹ̀rọ á máa yí i títí á fi lẹ̀ mọ́ ọn bí awọ. Ọta tó bá wọ mọ́lì á yọ̀ gba inú ìbọn lọ wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó yọ̀, agbára rẹ̀ á dín díẹ̀, ìdí nìyẹn tí Malachi fi kọ́ Sherifdeen pé kó máa jẹ́ kí ẹ̀tù tirẹ̀ ga ju iye inú ìwé lọ díẹ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́ ọ. Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé bí orí ọta kò bá yọ̀, tí wọ́n wá fi ẹ̀tù ti ọta tó ń yọ̀ sí i, ewu ni.

Mo kórìíra Sherifdeen. Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó kéré sí mi ní ọdún méjìlá, ó kàwé, òun ni akọ̀wé mọ́sáláásí wa. "Baba Mọ́lì," ló máa ń pè mí, "ẹ wojú yín nínú dígí, ẹ ti di ìdí ìkòkò." Malachi á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Sherifdeen yìí kan náà ló máa ń bá mi ka lẹ́tà council, tó ń bá mi kọ fọ́ọ̀mù, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé mi ò lè ka Gẹ̀ẹ́sì wọn. Oore yẹn gan-an ló ń dùn mí jù. Wo irú èèyàn tí mo jẹ́.

Kó tó di ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, mo ti já ìwọ̀n kan lulẹ̀, ó fọ́. Malachi ní, "Uncle Làtíìfù, no disrespect, yeah? Ṣùgbọ́n one more báyìí, ẹ máa lọ sílé. I swear down." Yorùbá rẹ̀ máa ń rìn bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíì, ṣùgbọ́n ó yé mi. Bẹ́ẹ̀ lẹ́tà rẹ̀ ni mo nílò fún Home Office, àwọn tó ń fúnni ní ìwé ìgbélùú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí pépà mi parí.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, lọ́sàn-án, Malachi jáde. Mo gbé ike mọ́lì láti orí pẹpẹ, ọwọ́ mi tutù, ó bọ́. Inú síǹkì ló já sí, omi ń ṣàn níbẹ̀. Kí n tó pa omi, gbogbo rẹ̀ ti dúdú lọ sínú ihò. Kò kù ju èyí tó lẹ̀ mọ́ ìdérí lọ. Orí ọta tó kù fún mi láti kùn lọ́jọ́ náà, ti Bernice ni. Obìnrin òyìnbó kan ni, ó ń gbé ní Sydenham, nọ́ọ̀sì ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ó máa ń kó bísíkíìtì wá fún wa, á ní òun fẹ́ kí a sanra. Ọ̀la ni ó ń bọ̀ wá kó ọta rẹ̀.

Mo dúró. Mi ò pariwo, mi ò pe Sherifdeen. Báàgì mi wà lórí àga. Tìróò wà nínú rẹ̀, ìgò mẹ́rin, lílọ̀ kúnná, tí Àsúmáù ní kí n rà ní Rye Lane fún àwọn ìyá àsàlátù rẹ̀. Mo mú ọ̀kan. Mo tú u sọ́wọ́. Dúdú ni. Ó ń dán. Ó gbẹ. Mo ní nínú ara mi pé, ta ló máa mọ̀? Mo tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ike, mo kó orí ọta sí i, mo tan ẹ̀rọ.

Nígbà tí mo kó wọn jáde, ibì kan dúdú, ibòmíì ṣì hàn. Mo fi aṣọ ra á, mo ra á títí ó fi jọ. Àmọ́ ọwọ́ mi mọ̀. Ọwọ́ tó ti ń pa mọ́lì láti ọdún méjì kò lè ṣèèṣì. Kò yọ̀. Ó ń ha mí lábẹ́ àtàǹpàkò bí iyanrìn. Mo mọ̀, mo sì gbé e fún Sherifdeen.

Ó gbé ọ̀kan sókè síná. "Baba Mọ́lì, àwọn eléyìí rí bákan o."

Mo ní, "Ojú ẹ ló rí bákan. Ṣé ìwọ ló fẹ́ wá kọ́ mi níṣẹ́ mi?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mi ò bá yín jà." Ló bá wọn ẹ̀tù sí i gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó fi orí ọta mi dé e. Mo máa ń sọ fún ara mi pé ká ní ó bi mí lẹ́ẹ̀kejì ni, ǹ bá jẹ́wọ́. Irọ́ ni. Ǹ bá tún bú u sí i ni.

Àsúmáù bi mí nílé pé tìróò òun dà. Mo ní wọ́n ti tà á tán.

Ọjọ́ Àìkú ni Malachi pè mí. Ìbọn Bernice ti fọ́ mọ́ ọn lójú. Irin já, ó wọ inú ojú ọ̀tún rẹ̀, wọ́n sì ti yọ ẹyin ojú náà nílé ìwòsàn. Mo jókòó sórí ibùsùn, fóònù ṣì wà létí mi. Tìróò tí ìyá mi fi ń lé mi lójú nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tó ní kí ojú mi lè mọ́lẹ̀, òun ni mo fi fọ́ ojú ìyá ẹlòmíì.

Àwọn olùwádìí dé. Wọ́n tú ọta tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ Bernice, wọ́n wọn ẹ̀tù rẹ̀, ó ju iye inú ìwé lọ. Wọ́n mú Sherifdeen. Ó ní, "Ọ̀gá ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀ nítorí mọ́lì. Uncle Làtíìfù wà níbẹ̀, ẹ bi wọ́n." Malachi ní òun kò kọ́ ọ ní nǹkan kan. Orí ọta ńkọ́? Kò sẹ́ni tó bèèrè. Ó dúdú, ó ti tó wọn.

Malachi gbé mi sínú mọ́tò rẹ̀ lọ sí ibi ìgbọ́kọ̀sí ní Surrey Quays. Kò wojú mi. "Uncle, ẹ gbọ́. Tí wọ́n bá ní èmi ni, láísẹ́ǹsì ti lọ. Ṣọ́ọ̀bù ti lọ. Lẹ́tà yín náà ti lọ. Ẹ ò gbọ́ nǹkan kan. Simple."

Mo ní, "Sherif ńkọ́?"

"Sherif á rí i ṣe. He's smart, innit."

Títí di òní, Malachi kò mọ̀ nípa tìróò. Ó rò pé nítorí tòun ni mo ṣe parọ́. Mo sì jẹ́ kó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo sọ fún àwọn ọlọ́pàá pé mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo rí lẹ́tà mi gbà.

Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ló parí sí, bóyá ǹ bá lè sùn. Hameedah, ìyàwó Sherifdeen, ló lọ bẹ alfa wa pé kó pe èmi àti ọkọ òun, kí òtítọ́ lè jáde láàárín Mùsùlùmí kó tó dé kóòtù. Lẹ́yìn ìrun Alásárì ni. Àwọn àgbà jókòó yí wa ká. Sherifdeen kò pè mí ní Baba Mọ́lì lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní kí ẹ gbè mí. Ohun tí etí yín gbọ́ ni kí ẹ sọ. Ìyẹn nìkan."

Alfa gbé Àlùkùránì sórí tìmùtìmù. Ó ní, "Làtíìfù, ìbúra kì í ṣe dandan. Bí kò bá dá ọ lójú, dìde máa lọ, ẹnikẹ́ni kò ní bi ọ́." Ọkùnrin náà ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún mi. Èmi ni mo dìde tí mo lọ ṣe àlùwàlá. Mo fọ ọwọ́, mo fọ ẹnu, mo fọ ojú, mo fọ ẹsẹ̀, kò sí èyí tí mo fò. Mo padà wá, mo gbé ọwọ́ lé Àlùkùránì. Mo ní mi ò gbọ́ kí Malachi kọ́ Sherifdeen ní irú ohun bẹ́ẹ̀ rí. Mo wá fi kún un pé, "Fóònù ló ń tẹ̀ nígbà tó ń wọn ẹ̀tù. Ó ń rẹ́rìn-ín sí i."

Kò sẹ́ni tó bi mí nípa fóònù. Malachi kò ní kí n sọ ọ́. Fóònù kò sí lọ́wọ́ ọmọkùnrin yẹn. Èmi ni mo dá a sọ, nítorí mo rí i tó ń bẹ̀ mí pẹ̀lú ojú, akọ̀wé mọ́sáláásí, ọ̀mọ̀wé, ó ń bẹ èmi Làtíìfù, ó sì dùn mọ́ mi. Ó dùn mọ́ mi. Kì í ṣe ẹ̀rù ló mú mi sọ ìyẹn. Èyí ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀.

Wọ́n gba ipò akọ̀wé lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá dúró ní sáàfù, ní ìlà ìrun, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á ṣí lọ síwájú. Nígbà tó yá, kò wá mọ́. Èmi, wọ́n ní kí n wá máa jókòó pẹ̀lú àwọn àgbà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Bernice wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ti rù. Ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ yìí, ó fi ojú kan tó kù wò mí. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé èmi nìkan ni mo sọ òtítọ́, pé òun dúpẹ́. Ó tún kó bísíkíìtì wá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ bá ka èyí, bí nǹkan bá dà nù lọ́wọ́ yín níbi iṣẹ́, ẹ pariwo. Kí wọ́n lé yín. Kí wọ́n fi yín ṣẹ̀sín. Ẹ má fi nǹkan tó jọ ọ́ rọ́pò rẹ̀. Bernice, foríjì mí. Àsúmáù, wọn kò tà á tán, mo parọ́ fún ọ. Ọlọ́run, mi ò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀ Ọ́.

Lánàá òde yìí ni mo lọ sílé Sherifdeen ní Lewisham. Hameedah ló ṣílẹ̀kùn. "Ẹ̀yin? Kí lẹ tún gbàgbé síbí?" Mo ní kó jẹ́ kí n wọlé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ níwájú àwọn méjèèjì, láti orí síǹkì títí dé orí tìmùtìmù.

Hameedah ní, "Tìróò? Tìróò ojú?" Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì yí padà lẹ́nu rẹ̀. "Àwọn ọmọ mi ń bi mí ìdí tí bàbá wọn kì í fi í lọ kírun mọ́. Ìwọ bàbá burúkú yìí, o wà lọ́hùn-ún, ò ń jókòó pẹ̀lú àgbà?" Kò tíì pè mí ní ìwọ rí. "Ọjọ́ Ajé, ṣé wàá sọ ọ́ níwájú adájọ́?"

"Màá sọ ọ́."

"Lọ kọ ọ́ sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀, títí kan fóònù. Ẹnu rẹ, mi ò gbà á gbọ́ mọ́. Lọ́yà wa ni màá gbé e fún." Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún Sherifdeen lórí kápẹ́ẹ̀tì, èmi tí mo lè bí àbúrò rẹ̀. Mo ní, "Dárí jì mí. Bú mi. Gbá mi létí. Sọ nǹkan kan."

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ohun tí mo ní í bá yín sọ, mo ti sọ ọ́ ní mọ́sáláásí lọ́jọ́ yẹn. Kò tún sí òmíràn lẹ́nu mi."

Hameedah ní, "Sherif, dá a lóhùn. Bóyá o dárí jì í tàbí o kò dárí jì í, kó gbọ́ ọ kó máa lọ."

Sherifdeen gbọn orí pé òun kò ní sọ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Mo dìde kúrò ní ìdọ̀bálẹ̀, mo gba ilé lọ.