Olè Inú Ẹnu Alhaja

Èmi ni mo jẹ̀bi: nígbà tí màmá mi ní oríkèé ìka àwọn ń wú, tí èrìgì àwọn náà sì ń ṣẹ̀jẹ̀ bí àwọn bá fọ ẹnu, mo rẹ́rìn-ín, mo ní àgbà ló dé. Lórí ìlà kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Mile 12 ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Alhaja aláta kan àti obìnrin alálùbọ́sà tó wà níwájú mi. Alálùbọ́sà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀:

"Alhaja, ẹ̀yin lẹ tú kókó ọ̀rá yìí? Ṣebí eyín lẹ fi ń tú u tẹ́lẹ̀!"

"Ọwọ́ ni! Wò ó, mo tún lè ta ìka báyìí."

"Ṣé òògùn aromọléegun yẹn ló ṣiṣẹ́?"

"Mo ti ń lò ó tipẹ́, òun nìkan kò kápá rẹ̀. Dókítà kan ló wo ẹnu mi, ló ní kí n lọ rí dókítà eyín. Inú bí mi! Ìka ló ń dùn mí, kí ló kan eyín?"

"Kí ni wọ́n wá sọ?"

"Wọ́n ní kòkòrò inú èrìgì lè mú kí ara máa bá oríkèé ara rẹ̀ jà. Kì í ṣe òun nìkan o, àmọ́ ó lè dá kún un. Wọ́n tọ́jú èrìgì mi, mo sì ń lo òògùn mi lọ. Àṣé ẹnu mi ni olè wà, ọwọ́ mi ni mo ń tú wò!"

"Ẹ sì ń fi ata rodo bọ́ olè!"

Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ olè yẹn kò kúrò létí mi. Màmá mi ṣì wà nílé ní Ìkòsì, eyín ni wọ́n fi ń tú ọ̀rá. Mo jẹ wọ́n ní gbèsè ẹ̀bẹ̀, mo sì jẹ wọ́n ní gbèsè ìrìn àjò kan sọ́dọ̀ dókítà eyín.